Bí Ẹ Ṣe Lè Kó Àwọn Ọmọ Kéékèèké Lọ Fi Ìwọ̀ Pẹja

Ìbéèrè kan náà ni àwọn òbí máa ń bi mí: "Ṣé ọmọ ọdún mẹ́rin lè bá mi lọ sétí odò? Kí ni kí n rà? Ibo ni kí n gbé e lọ?" Ó lè bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kí ẹ tó ka ìyókù: ẹ̀yin kò ní pẹja lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ọ̀pá ìwọ̀ tiyín sílé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo kó àwọn ọmọ mi méjì lọ, ọ̀pá mẹ́ta ni mo gbé dání. Níbi tí mo ti ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu ẹja epìyà kan, mo kẹ́yìn sí ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún márùn-ún, tó fẹ́ bu omi sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Mi ò gbọ́ igbe, mi ò gbọ́ ariwo kankan. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló sọ pé, "Dádì, omi ti dé àyà rẹ̀." Nígbà tí mo yíjú, ó ti rì sínú ẹrẹ̀, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ohùn kò sì jáde. Mo fà á jáde, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yéé gbọ̀n títí a fi délé. Láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ òfìfo ni mo fi ń kó ọmọ lọ sétí omi. Gbogbo ìmọ̀ràn tó wà nísàlẹ̀ yìí, orí ìyẹn ló dúró lé.

Ẹ kọ́kọ́ yan ibi tí ẹ ń lọ

Bí mo ṣe tò wọ́n yìí ni mo ṣe fọkàn tán wọn fún ọmọdé, láti orí èyí tó dára jù.

*1. Oko ẹja.* Ibi tí wọ́n ti ń sin àrọ̀ tàbí epìyà ló dára jù fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹja pọ̀ níbẹ̀, ọmọ kò ní jókòó títí kó sú u. Bí wọ́n bá fi búlọ́ọ̀kù mọ kòtò ẹja náà tí ògiri rẹ̀ ga dé àyà ọmọ, ó tún dára sí i, torí orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọmọ máa dúró sí. Ẹ má ṣáà jẹ́ kó gun orí ògiri. Kòtò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ lásán máa ń yọ̀ létí, pàápàá lẹ́yìn òjò.

Ẹ pe olóko ní ọjọ́ méjì ṣáájú, kí ẹ bi í ní ìbéèrè wọ̀nyí:

- Ṣé ẹ máa ń jẹ́ kí èèyàn fi ìwọ̀ mú ẹja, àbí ẹ kàn ń tà á? Èló ni kílò kan?
- Ṣé ẹ ti da oògùn kankan sínú omi tàbí oúnjẹ wọn láìpẹ́ yìí? (Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ má jẹ ẹja yẹn, kí ẹ wá oko mìíràn.)
- Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè má fún wọn lóúnjẹ láàárọ̀ ọjọ́ tí à ń bọ̀?

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹja tó ti yó kò ní wo ìjẹ yín lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀pọ̀ òbí ti sọ fún mi pé àwọn jókòó wákàtí méjì létí kòtò tó kún fún ẹja, ọ̀kan kò jẹ. Àṣé olóko ṣẹ̀ṣẹ̀ da oúnjẹ sí i tán kí wọ́n tó dé.

*2. Etí adágún tí wọ́n sé*, irú Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn tàbí Aṣẹ́jìrẹ. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ ibẹ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ jìnnà sí ògiri tí wọ́n fi sé omi náà àti ojú ibi tí wọ́n ti ń tú u sílẹ̀.

*3. Odò tó ń ṣàn.* Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ni mo fara mọ́ ọn, níbi tí omi ti rọra ń lọ. Ní ìgbà òjò, òjò lè rọ̀ sí òkè odò níbi tí ojú yín kò tó, kí omi sì kún lójijì níbi tí ẹ wà. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè pẹ̀lú. Odò mìíràn wà tí wọn kì í pa ẹja inú rẹ̀. Nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tí UNESCO kọ mọ́ àwọn ogún àgbáyé ní 2005, èèwọ̀ ni ẹja pípa. Ọmọ tó bá rí bàbá rẹ̀ tó ń bèèrè kó tó ju ìwọ̀ sómi ti rí ẹ̀kọ́ kan kọ́ nìyẹn.

*4. Ọ̀sà àti òkun.* Ẹ fi í sílẹ̀ títí ọmọ yóò fi mọ omi wẹ̀ dáadáa. Ìgbì etí òkun wa lágbára, ó sì máa ń fa ẹsẹ̀ àgbàlagbà pàápàá.

Níbikíbi tí ẹ bá lọ, bí ẹ bá rí ẹja tó kú tó léfòó, ẹ má jẹ́ kí ọmọ fọwọ́ kàn án, ẹ má sì mú un wálé. Àwọn kan ṣì wà tí wọ́n ń da oògùn kòkòrò sódò láti fi pa ẹja. Ẹ palẹ̀ mọ́, kí ẹ máa lọ.

Àkókò

Ẹ dé ibẹ̀ ní nǹkan bí aago méje àárọ̀, kí ẹ kúrò kó tó di aago mẹ́wàá. Oòrùn kò tíì mú, ẹja sì máa ń jẹun láàárọ̀. Wákàtí méjì ti tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún méje. Bí ààrá bá sán, kódà bó bá jìnnà, ẹ kó ọmọ wọnú ọkọ̀ tàbí ilé. Ẹ má sá sábẹ́ igi.

Ẹ ṣe ọ̀pá ìwọ̀ ọmọ fúnra yín

Ẹ má náwó sórí ọ̀pá olókùn-yíyí tí wọ́n ń tà lọ́jà. Okùn rẹ̀ máa ń lọ́ pọ̀, gbogbo àkókò yín lẹ ó fi máa tú u. Ọparun ló dára fún ọmọdé.

1. Ẹ gé ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ tó gùn tó mítà méjì. Ẹ fi ọ̀bẹ họ ojú kókó rẹ̀ kó má bàa gún ọmọ lọ́wọ́.
2. Ẹ so okùn ìwọ̀ mọ́ orí rẹ̀ pẹ́kípẹ́kí. Okùn náà kò gbọdọ̀ gùn ju ọ̀pá lọ. Bó bá gùn jù, ìwọ̀ á máa fò káàkiri ojú àwọn tó wà nítòsí.
3. Ẹ gé fóòmù lára sílípáàsì tó ti gbó, kó tó ìka àtàǹpàkò, kí ẹ dá a lu, kí ẹ fi okùn kọ já láàárín rẹ̀. Òun ni yóò máa léfòó. Ẹ jẹ́ kó ní àwọ̀ tó hàn, kí ọmọ lè rí i.
4. Ẹ fi òjé kékeré kan sí i, kó fi ìka mẹ́rin jìnnà sí ìwọ̀.
5. Ẹ so ìwọ̀ náà. Nọ́ńbà tó wà lára páálí ìwọ̀ lè ṣì yín lọ́nà: bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ìwọ̀ ṣe kéré tó. 8 tàbí 10 dára fún epìyà. 4 dára fún àrọ̀ tó tó kílò kan.
6. Ẹ fi ẹ̀mú tẹ ẹ̀gún kékeré tó dojú kọ ẹ̀yìn lára ìwọ̀ náà mọ́lẹ̀ títí yóò fi dán. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Bí ìwọ̀ tí wọ́n ti tẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá gún ọmọ, á yọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó ní ẹ̀gún, ọsibítù ló máa gbé yín dé.
7. Ẹ gún ẹnu ìwọ̀ náà mọ́ ègé sílípáàsì mìíràn nígbà tí ẹ bá ń rìn.

Ní ti ìjẹ: ekòló wà nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti níbi tí omi balùwẹ̀ ń gbà lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, ibẹ̀ ni ìdùnnú rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Fún epìyà, ẹ̀bà líle tàbí búrẹ́dì tí ẹ pò, tí kò tóbi ju hóró ẹ̀wà kan lọ. Fún àrọ̀, ekòló tàbí ìfun adìẹ.

Ẹ̀wù amúniléfòó

Ọmọ tí kò mọ omi wẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ etí omi lásán lẹ wà. Kó ti wọ̀ ọ́ kó tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ bóyá ó bá a mu: ẹ di gbogbo ìdè rẹ̀, kí ẹ di èjìká ẹ̀wù náà mú, kí ẹ fà á sókè. Bó bá gòkè bo àgbọ̀n àti etí ọmọ, ó ti tóbi jù. Rọ́bà tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí, ohun ìṣeré ni. Kò lè dípò rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, ẹ má pọn ọmọ sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó bá dojú dé, ọmọ tí ọ̀já dì mọ́ yín kò ní lè yọ. Ẹ gbé e sáyà láì dì í, kí ẹ̀wù tirẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó jáde nílé

- ọ̀pá kan fún ọmọ kan, àti ìwọ̀ mẹ́ta sí i (ẹ ka iye ìwọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀)
- ẹ̀mú àti àlòkù aṣọ tí ẹ máa rin sómi
- kẹ́ẹ̀gì òfìfo tó dé dáadáa, pẹ̀lú okùn mítà 10 tí ẹ so mọ́ ọn
- bàtà tó bo ọmọ ìka ẹsẹ̀, fìlà, ẹ̀wù olọ́wọ́ gígùn
- omi mímu tó pọ̀, mọ́ínmọ́ín tàbí búrẹ́dì, ọṣẹ
- báńdéèjì àti oògùn ojú egbò
- aṣọ ìpààrọ̀ méjì méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan

Kẹ́ẹ̀gì yẹn, ẹ má fi sílé o. Mo máa sọ ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá dé etí omi

1. Kí àgbàlagbà kan kọ́kọ́ yí ibẹ̀ ká kí ọmọ tó sọ̀. Ó ń wá ejò, ìjàlọ, ìgò fífọ́, àti bí omi ṣe jìn tó. Ẹ fi ọ̀pá wọ̀n ọ́n.
2. Ẹ na okùn tàbí aṣọ sílẹ̀ ní ìgbésẹ̀ márùn-ún sí omi. Ìlà nìyẹn. Ọmọ kankan kò gbọdọ̀ ré e kọjá bí ọwọ́ rẹ̀ kò bá sí nínú ọwọ́ àgbàlagbà.
3. Ọmọ kan fún àgbàlagbà kan létí omi. Bí ẹ bá jẹ́ àgbàlagbà méjì pẹ̀lú ọmọ mẹ́rin, ọmọ kan péré ló ń pẹja. Àgbàlagbà kejì wà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù lẹ́yìn ìlà. Ẹ máa pààrọ̀ wọn ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n á ráhùn díẹ̀. Ẹ má yí i padà.
4. Fóònù wà nínú àpò. Ẹ ya àwòrán nígbà tí ọmọ bá ti padà sẹ́yìn ìlà.
5. Ẹ da ègé búrẹ́dì díẹ̀ sómi kí ẹja lè wá.
6. Ẹ̀yin lẹ máa fi ìjẹ sẹ́nu ìwọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́jọ sókè lè máa kọ́ ọ.
7. Ẹ jẹ́ kí ọmọ di ọ̀pá mú lọ́wọ́ méjèèjì, kó rọra fi okùn síwájú. Kò gbọdọ̀ gbé e gba ẹ̀yìn orí.
8. Kó máa wo fóòmù. Bó bá kàn ń mì, kó ní sùúrù. Bó bá wọmi pátápátá, kó gbé ọ̀pá sókè pẹ̀lẹ́. Àwọn ọmọ máa ń já a gbà, ẹja á wá fò lù wọ́n lójú. Ẹ fi ọwọ́ yín lé ọwọ́ rẹ̀ ní ìgbà méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, kó lè mọ bó ṣe ń rí.
9. Bí ogún ìṣẹ́jú bá kọjá tí kò sí nǹkan, ẹ sún fóòmù sókè tàbí sísàlẹ̀ lára okùn, kí ìjẹ lè wà níbi tó yàtọ̀ nínú omi.

Ẹ má jẹ́ kí ọmọ ki ẹsẹ̀ bọ omi adágún tàbí odò. Ìgbín kéékèèké inú omi ló ń gbé àrùn tó ń mú ọmọ tọ ẹ̀jẹ̀, kòkòrò rẹ̀ sì ń gba awọ ara wọlé láìsí egbò kankan. Omi kànga tàbí ti ẹ̀rọ tí ẹ gbé wá láti ilé ni kí wọ́n fi fọwọ́.

Ẹja ti jẹ o!

Àrọ̀ ní ẹ̀gún líle lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ní ọ̀tún àti òsì, ó sì máa ń yọ ọ́ síta bí ẹ bá dì í mú. Ẹ fi aṣọ tútù bò ó, kí ẹ dì í mú lẹ́yìn ẹ̀gún méjèèjì. Ti epìyà wà lórí ẹ̀yìn. Ẹ fọwọ́ pa á láti orí lọ sí ìrù kí ẹ̀gún lè sùn, kí ẹ tó dì í mú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀mú yọ ìwọ̀. Ọmọ lè fọwọ́ kan ẹja lára nígbà tí ẹ bá dì í mú.

Bí epìyà bá pọ ẹyin tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ jáde lẹ́nu, ẹ pe àwọn ọmọ wá wò ó. Ìyá ni lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnu ló fi ń pa wọ́n mọ́. Ẹ dá a padà sómi kíákíá. Bí àrọ̀ bá ń yọ ẹnu sókè lójú omi, ẹ sọ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ló ń gbà. Ẹja díẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ kan máa ń sunkún bí wọ́n bá rí i pé ẹja ń jà. Ẹ má pè é ní ojo. Ẹ bi í bóyá kí ẹ dá a padà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ dá a padà. Bó bá jẹ́ oko ẹja, kí ẹ ti bá olóko sọ ọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́rin

Ẹ má fún un ní ìwọ̀. Ẹ bá a ṣe igèrè oníke:

1. Ẹ gé orí ike omi lítà kan àbọ̀.
2. Ẹ yọ ìdérí rẹ̀, kí ẹ dojú orí náà bọ inú ike, kó dà bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo.
3. Ẹ dá ihò wẹ́wẹ́ sára rẹ̀, kí ẹ fi òkúta kan àti búrẹ́dì sínú, kí ẹ so okùn mọ́ ọn.
4. Ẹ jù ú sí omi tí kò jìn, kí ẹ fà á jáde lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Ẹja tó bá wọ̀ ọ́ kò ní ju ìka lọ, ṣùgbọ́n ẹ ó gbọ́ ariwo ayọ̀. Ẹ tú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti wò wọ́n tán. Ẹ má fi ike náà sílẹ̀ sínú omi.

Àwọn àṣìṣe tí mo máa ń rí

"Ẹ̀gbọ́n ẹ á máa wò ó." Ọmọ ọdún mẹ́wàá kì í ṣe olùṣọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé àgbàlagbà márùn-ún á wà níbẹ̀, kálukú á rò pé ẹlòmíràn ló ń wo ọmọ. Ẹ dárúkọ ẹni tó ń ṣọ́. Bó bá fẹ́ dìde, kó sọ ọ́ síta: "Mo fà á lé ọ lọ́wọ́." Kí ẹni kejì dáhùn.

Òmíràn ni kí wọ́n dúró síbẹ̀ títí ọmọ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í bínú. Ẹ palẹ̀ mọ́ nígbà tó ṣì ń sọ pé ó ku ẹyọ kan.

Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀

*Ìwọ̀ gún ọmọ.* Bó bá jẹ́ èyí tí ẹ ti tẹ̀, ẹ fà á padà gba ọ̀nà tó gbà wọlé, ẹ fi omi àti ọṣẹ fọ ojú rẹ̀. Bó bá ní ẹ̀gún, tàbí tó sún mọ́ ojú, ẹ gé okùn, ẹ má fa ìwọ̀ rárá, ó di ọsibítù. Ẹ bèèrè níbẹ̀ bóyá abẹ́rẹ́ àìperí (tetanus) yẹ.

*Ọmọ já sómi.* Ẹ má bẹ́ sí i bí ẹ kò bá mọ omi wẹ̀. Ẹ na ọ̀pá sí i. Bí kò bá tó o, ẹ ju kẹ́ẹ̀gì náà sí i, kí ẹ máa fa okùn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ gbé e dání nìyẹn. Bí ẹ bá gbé e jáde tí kò mí, ẹ má dorí rẹ̀ kodò, ẹ má tẹ̀ ẹ́ níkùn. Àkókò ni ìyẹn ń fi ṣòfò, ó sì lè mú un bì sọ́nà ọ̀fun. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, ẹ di imú rẹ̀, kí ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́nu lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀ọgbọ̀n, kí ẹ fẹ́ èémí méjì, kí ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ẹlòmíràn pe 112. Ọmọ tó rì sómi tó sì jí padà gbọ́dọ̀ dé ọsibítù lọ́jọ́ náà, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tó wà lókè òkun

Ní England, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 kò nílò ìwé àṣẹ ọ̀pá ìwọ̀. Ọmọ ọdún 13 sí 16 nílò rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ gbà á. Ẹ̀yin fúnra yín nílò tiyín bí ẹ bá fẹ́ fọwọ́ kan ọ̀pá, ẹ sì tún gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ni omi. Láti 15 oṣù kẹta sí 15 oṣù kẹfà, wọ́n máa ń ti ọ̀pọ̀ odò pa fún àwọn ẹja kan. Ẹ wá adágún tó ṣí sílẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Ní Texas, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 kò nílò ìwé àṣẹ.

Nígbà tí ẹ bá délé

Ẹ ka ìwọ̀. Bí iye rẹ̀ bá dín, ẹ yẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ àti àpò aṣọ wò kí ẹnikẹ́ni tó jókòó tàbí fọ aṣọ. Ẹ wẹ àwọn ọmọ tọṣẹtọṣẹ. Ẹ fi iyọ̀ tàbí eérú pa ara àrọ̀ kí yíyọ̀ rẹ̀ lè lọ, kí ẹ tó la inú rẹ̀, kí ẹja tí ọmọ fọwọ́ ara rẹ̀ mú sì wọ inú ọbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ fi sínú àwo tirẹ̀.

Bó bá sì jẹ́ odò tàbí adágún lẹ lọ, tí ọmọ sì ti ki ẹsẹ̀ bọ omi, ẹ máa wo ìtọ̀ rẹ̀ fún oṣù mélòó kan. Bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ó wọ odò. Oògùn praziquantel ni wọ́n ń lò fún un, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa.